Ẹfun Pọ̀ Ju Ife Lọ

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Tiṣri

Wọ́n ti tú gbogbo àgọ́ àjọ̀dún palẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ kún ojú ọ̀nà, àwọn ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún. Mo ṣa àfọ́kù àwo òkúta mélòó kan jọ, mo po èédú mọ́ omi, mo sì jókòó láti kọ̀wé. Ohun tó wà nínú mi kò ṣe é sọ fún ènìyàn, òkúta ni kó máa gbọ́. Bí àfọ́kù kan bá kún, màá sọ ọ́ sínú òkìtì ẹfun tí iṣẹ́ ife gbígbẹ́ mi kó jọ sẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó lọ wá a láàrin ẹgbẹ̀rún.

Ọmọ mi Elasa wà lábẹ́ ilé, nínú kòtò tí bàbá bàbá mi ń kó ọkà sí. Gbogbo abúlé gbà pé Jeriko ló sá lọ. Èmi ni mo pa irọ́ náà. Ẹni méjì péré ni mo sọ ọ́ fún, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ọbẹ̀ tó jinná ó ti yí abúlé ká.

Lọ́jọ́ kẹta àjọ̀dún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun tó wà ní ibùdó etí ìsun lọ tọ̀ sínú kòtò ìwẹ̀nùmọ́ wa, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Elasa tì í. Àtẹ̀gùn kòtò yẹn ń yọ̀, ọkùnrin náà fi itan ṣẹ́. Olórí wọn ti búra pé igi lòun yóò kan ẹni tó ṣe é mọ́. Ọ̀nà méjì ló jáde lábúlé wa, wọ́n jókòó sí méjèèjì tọ̀sán-tòru. Ajá pàápàá kò kọjá láìjẹ́ pé wọ́n wo ìrù rẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

A ti bẹ̀rẹ̀. Láti inú kòtò ọkà dé ẹ̀gbẹ́ òkè tó dojú kọ àfonífojì, mo ṣírò rẹ̀ sí ọgbọ̀n ìgbọ̀nwọ́. Ẹfun ni òkúta ilẹ̀ wa, kò le. Elasa ń gbẹ́ nísàlẹ̀, èmi ń gbẹ́ ife lókè, ariwo mi bo tirẹ̀. Tí mo bá ń kọrin, kó máa gbẹ́. Tí mo bá dákẹ́, kó dákẹ́.

Mahalati ìyàwó rẹ̀ wò mí, ó ní, “Bàbá, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ jáwọ́ nínú orin kíkọ. Ó mà ṣe o, ọkọ mi ló wá gbára lé e.”

Ọjọ́ kejì, oṣù Heṣifani

Òróró ti wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìgbà títẹ ólífì nìyí. Wọ́n ní ibùdó ló ń kó ìdajì lọ.

Tirifo wá yá asẹ́. Ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa, àgbàlá kan náà la jọ ń lò. Ọtí kíkan ló ń tà fún àwọn ọmọ ogun, ó gbọ́ èdè Gíríìkì, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sí ohun tó pani lẹ́rìn-ín. Mo dákẹ́ orin nígbà tó wọlé. Ó gba asẹ́, kò lọ. Ó dúró ti òkìtì ẹfun wa, ó ń fi ẹsẹ̀ tú u.

Ó ní, “Bàbá Elasa, ẹfun yìí mà pọ̀ ju ife lọ.”

Mo dá a lóhùn pé bí ìyàngbò ṣe ń pọ̀ ju ọkà náà nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Gíríìkì ni.

Ọjọ́ karùn-ún

Ìyàwó Tirifo ní asẹ́ tirẹ̀. Mo rí i lónìí lórí ògiri wọn, ó tóbi ju tiwa lọ. Kí wá ló ń fi tiwa ṣe?

Ọjọ́ kẹfà

Olórí ẹ̀ṣọ́ wá fúnra rẹ̀. Irùngbọ̀n Pupa ni mo ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀. Ará ìlú Sebasite ni, kì í ṣe tiwa, ó ń sọ èdè wa bí ẹni tó kó òkúta sẹ́nu. Ó fi ọ̀pá gún òkìtì náà.

“Arúgbó, ife mélòó lo gbẹ́ lọ́sẹ̀ yìí?”

Mo ní mẹ́rin ni.

“Mẹ́rin ló bí gbogbo èyí?”

Ọlọ́run ló ń fi irọ́ sẹ́nu arúgbó. Mo na ọwọ́ sí i, mo jẹ́ kó máa gbọ̀n. Mo ní, “Ogójì ni mo bẹ̀rẹ̀, Olówó mi. Ọwọ́ ti darúgbó.” Mo mú ife tó wà lórí àga iṣẹ́ mi, ife kan tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí etí ọmọ tuntun, mo gbé irin lé e, mo sì là á sí méjì lójú rẹ̀. Ó mi orí, ó lọ.

Nísinsìnyí mo gbọ́dọ̀ máa fọ́ ife lójoojúmọ́, kí irọ́ mi lè rí ohun jẹ. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọwọ́ yìí kó má fọ́ ohunkóhun.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ìròyìn ti tàn pé ọwọ́ Hanameli ti bàjẹ́. Alàgbà Yeṣebabu, tí kò jẹ́ fi omi kan ẹnu bí kì í bá ṣe nínú ife mi, ti lọ ra tuntun lábúlé kejì. Ó kí mi lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń kí aláìsàn. Èmi tí mo ti fi gbogbo wọn ṣe ẹlẹ́yà láti ìgbà èwe, wọ́n rí tèmi báyìí. Mo fara mọ́ ọn. Mo kàn gbọ̀n ọwọ́ sí i nígbà tí mo fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì fi aṣọ nu tirẹ̀ bí ẹni pé ogbó ń ràn.

A ti gbẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ kejìlá

Tirifo tún dé. Ó kí Mahalati nídìí ààrò, ó sì ka búrẹ́dì tó wà lórí òkúta. Mo rí i bó ti ń ka á, ètè rẹ̀ ń mì.

Ó ní, “Ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nílé yìí, ẹ sì ń jẹ mẹ́fà. Bàbá Elasa, ikùn yín ò mọ̀ pé ọwọ́ yín ti darúgbó?”

Mo ní ìbànújẹ́ ọmọ tó sá lọ ni, ń ṣe ló ń pa mí lébi. Láti ọ̀la, Mahalati yóò máa ṣe búrẹ́dì mẹ́ta, kó máa ṣe wọ́n ní ńlá ńlá.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ òjò. Gbogbo abúlé kórajọ, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run. Èmi náà gbójú sókè, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń bẹ̀ ni pé kó jọ̀ọ́ kó dá a dúró díẹ̀ sí i, nítorí bí òjò ńlá bá rọ̀, inú kòtò ọkà ni gbogbo omi àgbàlá máa ṣàn sí. Mo nírètí pé kò ní í da àdúrà wa pọ̀.

Tirifo gbààwẹ̀ pẹ̀lú wa. Bí a ti parí, ibùdó ló gbà lọ.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Tirifo ní kí n ṣe àpótí egungun fún òun. Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, ẹran ara rẹ̀ ti tán, ó tó àkókò láti kó egungun rẹ̀ jọ. N kò lè kọ̀, ẹfun kan náà ni a fi ń ṣe ife àti àpótí, ẹni tó bá sì kọ iṣẹ́ lójú gbogbo ènìyàn ti dáhùn ìbéèrè. Ó mú okùn jáde, ó fi gígùn itan bàbá rẹ̀ hàn mí. Gbogbo ìgbà tó ń na okùn náà, ilẹ̀ ilé mi lojú rẹ̀ wà.

Kí ló dé tó jẹ́ èmi, olọ́wọ́ gbígbọ̀n, ló gbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wá fún?

Ọjọ́ ogún

Wàhálà.

Mò ń kọrin, n kò dákẹ́, síbẹ̀ ariwo ìsàlẹ̀ dákẹ́. Mo sún ìkòkò ọkà tó bo ẹnu kòtò kúrò, mo bẹ̀rẹ̀, mo pe Elasa. Ó rákò padà wá, ojú rẹ̀ funfun, kì í ṣe ẹfun nìkan ló jẹ́ kó funfun.

Irin rẹ̀ ti jáde sí ibì kan tó ṣófo. Ó gbé fìtílà síbẹ̀, ó rí àpótí egungun, ó fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. Ibojì ni. Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ibojì la gbẹ́ já. Ẹnu ibojì náà wà níta ògiri abúlé, ó kọjú sí àfonífojì gan-an. Tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó ti bọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Elasa kò jó. Ó ní, “Bàbá mi, àlùfáà ni wá, a kì í wọ ilé òkú.”

Ó ti dí ihò náà kí n tó pè é. Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó ní kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, nítorí náà àìmọ́ òkú kò tíì ráyè wọlé bá wa. Àkísà ìborí ìyàwó rẹ̀ ló fi dí i. Ọmọ mi, tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́ igi, ń wọn ihò.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ti bá a sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀. Mo ní ẹ̀mí ṣíwájú òfin, gbogbo olùkọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní lóòótọ́ ni, nígbà tí ikú bá dúró síwájú ènìyàn, ṣùgbọ́n ikú òun kò tíì dúró síwájú òun, ó ṣì wà ní etí ìsun níbi tó ti ń mu ọtí kíkan. Mo ní kó gbẹ́ yí ibojì náà ká. Ó ní òun ti gbìyànjú rẹ̀, akọ òkúta ló wà lápá méjèèjì.

Kì í ṣe agídí lásán. Lọ́dún mẹ́ta sí i, ó lè kan ìdílé wa láti sun tùràrí ní Tẹ́ńpìlì, ẹ̀ẹ̀kan láyé ẹni ni, ọmọ náà sì ti ń dúró de ọjọ́ yẹn láti ìgbà tó ti ń mu ọmú. Ó ní, “Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ wọ ilé òkú àjèjì, ọwọ́ wo ni yóò fi gbé tùràrí? Tó bá jẹ́ ìyá mi ló wà níbẹ̀ ni, tàbí ẹ̀yin, tàbí ọmọ mi, òfin fúnra rẹ̀ ló ní kí n wọlé. Òkú ẹni ẹlẹ́ni ńkọ́?”

Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló bí i bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n fọn fèrè lójúde abúlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kisilefi, àwọn ọmọ ogun yóò kúrò nínú àgọ́, wọn yóò máa gbé inú ilé wa títí òtútù yóò fi kásẹ̀. Mẹ́rin mẹ́rin sí ilé kọ̀ọ̀kan. Irùngbọ̀n Pupa nawọ́ sí ilé mi, ó ní òun fẹ́ràn ibi tí orin wà.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Tirifo wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Mo dákẹ́ orin. Ó tẹ́ nǹkan sórí àga iṣẹ́ mi. Àkísà ìborí Mahalati ni, etí rẹ̀ aláwọ̀ aró ni gbogbo àgbàlá mọ̀.

Ó ní, “Aṣọ ìyàwó yín já bọ́ sínú ilé bàbá mi.”

Mahalati fi ọwọ́ lé ògiri. Èmi mú irin mi dání, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní, “Èwo ni ilé bàbá rẹ?”

“Èyí tí mo lọ ṣí lónìí kí n lè kó egungun rẹ̀. Mo gbé fìtílà sókè, mo rí aṣọ nínú ògiri. Mo fà á. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Ṣé ẹ mọ̀ bó ti máa ń rí, Bàbá Elasa, kí ènìyàn di itan bàbá rẹ̀ mú lọ́wọ́, kí ògiri sì máa wúkọ́? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bàbá mi sùn síbẹ̀.”

Ó wo ìkòkò ọkà, ó wò mí. Ó ní tipẹ́ lòun ti ń rò ó. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀ tí kò fi tíì jáde, nígbà tí ihò ti já? Mahalati ló sọ ìdí rẹ̀ fún un, aṣọ ìborí kò ṣe é fi dí ẹnu obìnrin. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tiwa ni lọ́tẹ̀ yìí.

“Àlùfáà,” ló wí. “Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un tán, ó ń bèèrè ẹni tó ni ilé.”

Ó ní tí mo bá rí ọ̀nà kan, kí n ránṣẹ́ sí òun. Ó lọ. Ibùdó ló gbà lọ. Mo wò ó títí ó fi dé etí ìsun.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọjọ́ Ìsinmi ni, ó ti parí kí n tó mú èédú. Kò sí gbígbẹ́, kò sí orin, ìrònú nìkan ló kù. Ọmọ ogun kankan kò tíì wá. Ó lè jẹ́ pé kò tíì sọ. Ó lè jẹ́ pé ó ti sọ, wọ́n ń dúró kí Ọjọ́ Ìsinmi kọjá kí ariwo má baà pọ̀. Ó lè jẹ́ pé iye tí yóò gbà ni wọn kò tíì fẹnu kò sí. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, bí ẹni ń yẹ ife tó sán wò.

Nígbà tí mo ń jẹun, ọ̀rọ̀ Elasa padà wá sọ́kàn mi. Ìyá, tàbí ẹ̀yin, tàbí ọmọ mi. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí Mahalati fi rò pé ó ti tán fún mi.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé n kò lè dá a ṣe. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún un pé mo ti kú, ẹni tó lè dúró sínú ibojì náà láìbẹ̀rù òfin. Ẹni kan ṣoṣo ló wà tó ní ẹ̀tọ́ láti ṣí ibojì náà.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Tirifo. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mò ń wo ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń da òróró sínú ìgò ẹlòmíràn. Ó fetí sílẹ̀ dópin. Ó ní, “Bàbá Elasa, ẹ ti fi gbogbo abúlé yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ikú ló kù.” Ó gbà.

Mo sọ fún Mahalati pé kó di ẹrù ìrìn-àjò fún ọkọ rẹ̀. N kò sọ ìyókù fún un. Ojú rẹ̀ kò lè purọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mò ń kọ èyí ní ẹ̀gbẹ́ àgbàlá, nítorí aláìmọ́ ni mí báyìí, n kò gbọ́dọ̀ wọlé.

A gbé àpótí lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tirifo ní wákàtí kẹta òwúrọ̀. Mo ti fín òdòdó ẹlẹ́wé mẹ́fà sí i lára, kò sí ọwọ́ gbígbọ̀n nínú rẹ̀. Ọmọrí nìkan ni n kò tíì parí. Ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà bojú wo inú àpótí, ó fi ọwọ́ ra inú rẹ̀. Ó ka orí wa: méjì ń jáde. Tirifo bá a sọ èdè Gíríìkì díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bi í lójú ọ̀nà pé kí ló sọ. Ó ní òun sọ fún un pé èmi ni mo fẹ́ wọ̀n ọ́n wò.

A yí òkúta ẹnu ibojì. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, tí mo bá gbé àpótí lọ fún ènìyàn, ìta ni mo ti ń dúró. Mo tẹ orí ba, mo wọlé. Òórùn òróró àtijọ́ àti eruku ló kí mi. Tirifo fi òòlù gbá ògiri tinrin náà, ihò sì tó ẹni wọlé. Mo sùn sílẹ̀, mo nà gbalaja, mo di ojú.

Tirifo bẹ̀rẹ̀ sínú ihò. Ó pe orúkọ ọmọ mi. Ó ní, “Elasa, èmi Tirifo ni. Bàbá rẹ wà níbí. Òun ló ní kí n bá òun ṣí ògiri, kó lè wá bẹ̀ ọ́. Ó ṣubú. Kò mí.”

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Elasa, ó jìnnà, ó kéré, bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó ní kó pè mí.

Tirifo pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. “Hanameli. Hanameli ọmọ Yakimu. Bàbá Elasa.” Eruku wọ mí nímú. Mo rò pé màá sín, mo bẹ Ọlọ́run, mo ní ohun tí mo bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí, kó fi dídá sísín yìí dúró dípò rẹ̀.

Mo gbọ́ tí aṣọ fà ya. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ tó ń rákò, ó yára, ó ń fi orí gbá òkúta. Ó wọlé. Ó wọlé pátápátá, ẹsẹ̀ méjèèjì, láìwọn nǹkan kan. Ó gbé orí mi lé itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n mi, omi ojú rẹ̀ ń kán sí mi létí.

Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ti fẹ́ ṣí ojú kan, kí n ní, “Ìborí ìyàwó rẹ ńkọ́?” Mo kàn ṣí ojú, mo wò ó. Òun náà wò mí. N kò mọ̀ pé ojú ènìyàn lè yí padà lọ́nà tó tó bẹ́ẹ̀ nínú èémí kan.

Mo ní, “O ti wọlé tán. Ẹ̀ṣẹ̀ náà, tèmi ni. Máa lọ.”

Ó gbé orí mi sílẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó dìde. Tirifo ti gbé agbádá tirẹ̀ fún un, àti búrẹ́dì Mahalati. Elasa gbà wọ́n, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ẹnu ibojì ó dúró, ó kẹ̀yìn sí mi.

Ó ní, “Bàbá mi, mo sunkún yín.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì. A dúró títí di wákàtí kẹsàn-án, kó lè jìnnà. A to òkúta padà sójú ihò. Àwa méjì jáde, àwa méjì padà. Ẹ̀ṣọ́ ka orí wa.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n wọ́n omi eérú ìwẹ̀nùmọ́ sí mi lára, ẹ̀ẹ̀kíní nìyí. Alàgbà Yeṣebabu bi mí bí àlùfáà ṣe bọ́ sábẹ́ òrùlé òkú. Mo ní ẹsẹ̀ ló yọ̀ lẹ́nu ibojì. Ó ní ọwọ́, nísinsìnyí ẹsẹ̀. Mo ní kó dúró, ahọ́n ló kù, kó sì máa gbàdúrà fún ọjọ́ tí ìyẹn náà yóò lọ.

Mahalati ti gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ó ń gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ níta, ó gbóná, iyọ̀ rẹ̀ sì pé. Àárín méjèèjì yẹn ni mo wà.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kisilefi

Wọ́n wá. Wọn kò bèèrè, wọn kò tú ẹrù. Irùngbọ̀n Pupa gba ẹnu ọ̀nà wọlé tààrà, ó kọjá àga iṣẹ́, ó kọjá ibùsùn, ó fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò ọkà ṣubú. Ó mọ ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Wọ́n rán ẹnì kan wọlé pẹ̀lú fìtílà. Ó padà wá pẹ̀lú ẹfun lórí àti ọwọ́ òfo, ó ní ògiri ló parí sí.

Ó bi mí pé kí ni ihò yìí. Mo ní ibi tí a ti ń wa ẹfun dáadáa ni, ti òkè ti gbó. Ó nà mí ní ọ̀pá mẹ́ta léjìká. Ó fẹ́ nà mí ní ìkẹrin, ó wò mí, ó fi í sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin rẹ̀ ti gbé ẹrù wọn sínú ilé.

Ẹni mẹ́rin ló mọ̀ nípa ìkòkò yẹn. Ọ̀kan ti lọ. Èmi kò sọ. Mahalati kò sọ.

Ọjọ́ kejì

Mo lọ bá Tirifo nídìí àgbá ọtí kíkan rẹ̀. N kò jókòó.

Mo ní, “Ìwọ ni.”

Ó ní, “Èmi ni.”

Ó ń da ọtí nìṣó, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní láti ọjọ́ àjọ̀dún ni wọ́n ti ń bi òun: ará àgbàlá kan náà lẹ jọ jẹ́, kí lo rí? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti bi í. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin rẹ̀ ni Irùngbọ̀n Pupa ń wò bó ti ń bi í. Ó ní ẹni tí wọ́n bi lẹ́ẹ̀mẹta tí kò ní nǹkan kan láti sọ, wọn kì í bi í lẹ́ẹ̀kẹrin.

“Ẹ fún mi ní ohun tí mo lè tà,” ló wí. “Ihò òfo. Mo dúró ọjọ́ mẹ́rin kó lè kọjá Jọ́dánì, lẹ́yìn náà ni mo tà á. Wọ́n gbà pé mo ń ṣe tiwọn. Wọ́n gbà pé mo pẹ́ díẹ̀ ni.”

Mo dúró níbẹ̀. Èjìká ń dùn mí. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ní ká ní ọmọ mi kò wọlé ńkọ́? Ká ní ó jókòó sínú ihò náà títí di ọjọ́ kìíní oṣù, kí lo máa tà?

Ó nu ẹnu àgbá. Ó bi mí pé ìgbà wo ni ọmọrí àpótí bàbá òun máa parí.

Ọjọ́ kẹrin

Wọ́n wọ́n omi náà sí mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo wẹ̀, mo di mímọ́. Bí mo ti ń wọlé ni òjò bẹ̀rẹ̀, òjò ńlá, gbogbo abúlé jáde síta wọ́n ń yọ̀. Inú kòtò ọkà kún dé ẹnu. Àwọn ọmọ ogun mẹ́rin tó ń sùn létí kòtò náà jí nínú omi. Mo kọrin fún wọn.

Ọjọ́ kọkànlá

Mo parí ọmọrí náà. Mo gbé e fún un, mo fọwọ́ ara mi gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo gbìyànjú láti kórìíra rẹ̀, kò ṣe é ṣe. Mo gbìyànjú láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn náà kò ṣe é ṣe. A jọ sọ̀rọ̀ nípa òjò.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Oníyọ̀ kan kọjá lónìí, ó ń bọ̀ láti ìhà kejì Jọ́dánì. Ó dúró, ó ní òun fẹ́ ra ife, ó sì pẹ́ kó tó yàn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun jáde lọ jẹun, ó ní òun rí ọ̀dọ́kùnrin kan lọ́dọ̀ àwọn Árábù, ó ń gbẹ́ kànga fún wọn, ara rẹ̀ le. Mahalati jókòó sílẹ̀ nídìí ààrò, ó fi aṣọ bo ojú. Lálẹ́ òní ó pè mí ní Bàbá.

Mo bi oníyọ̀ náà pé ṣé kò fi iṣẹ́ rán an sí mi. Ó ní ó rán òun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò yé òun. Ó ní, “Ó ní kí n sọ fún bàbá arúgbó pé lọ́jọ́ tí ẹ bá kú lóòótọ́, kí ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ rán ẹlòmíràn sí òun, ẹni tí òun lè gbà gbọ́. Ó ní òun máa wá.”

Oníyọ̀ lọ. N kò gba nǹkan kan lórí ife náà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti jókòó níbí, tí mò ń ka àwọn ènìyàn lórí ìka. Alàgbà Yeṣebabu: ẹnu rẹ̀ ń jò. Mahalati: ojú rẹ̀ kò lè purọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kó dá kọjá Jọ́dánì? Oníyọ̀ fúnra rẹ̀: ta ló rán an dúró tì mí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Tirifo: òun ló mú irọ́ àkọ́kọ́ lọ, ọmọ mi ti yọ ọ́ kúrò. Mo ka gbogbo abúlé tán, mo ka abúlé kejì mọ́ ọn, n kò rí ẹyọ ẹnì kan tí n kò fura sí.

Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. N kò ní í kú lọ́dún yìí.